Fèrè Mẹ́ta ní Kọ́nà Agbaja

Ẹsẹ̀ Bàsítì ni mo kọ́kọ́ rí. Òun fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ Píjó àtijọ́ bàbá mi àgbà, nínú ọgbà wa ní Lokongoma, ní Lọ́kọ́jà, ó ń tún un ṣe.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú sípánà yẹn."

"Ta ni Àǹtí ẹ? Dùnsìn ni mò ń jẹ́."

Ó yọrí síta, gíríìsì ní imú, ó rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, ọkàn mi lọ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta tí a ti ń fẹ́ra, ó jẹ́wọ́. "Dùnsìn mi, kì í ṣe torí iṣẹ́ nìkan ni mo ṣe wá. Mo fẹ́ fojú rí ọkọ̀ tó dí bàbá mi àgbà lọ́nà."

Ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n fi ọkọ̀ sáré ìje láti Badagry dé Lọ́kọ́jà. Bàbá mi àgbà, Pius, ló gbé ife ẹ̀yẹ. Làtífù, bàbá àgbà Bàsítì, já sí kòtò ní kọ́nà Agbaja, ó sì kú. Òfin ìje náà ni pé ẹni tó bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yà fún ẹni tó ń bọ̀. Àwọn ará Agbaja ní Làtífù fọn ọ́n, àwọn gbọ́ ọ lóko. Ṣùgbọ́n Bàbá, bí mo ṣe ń pe Pius, ní, "Mi ò gbọ́ fèrè kankan." Ọ̀rọ̀ náà ò yí padà lẹ́nu rẹ̀ rí.

Bàsítì mú mi lọ kí Màmá Jàmíátù, opó Làtífù, ní Agbaja.

"Òkun o, Màmá," ni mo wí, bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀.

"Òkun, ọmọ mi. Mi ò kórìíra rẹ o. Àmọ́ bí Pius ò bá sọ òótọ́, o ò ní ṣe ìyàwó nílé yìí."

Mo sunkún dé Lọ́kọ́jà.

Nígbà tó di ọjọ́ ìrántí ìje náà, ọkọ̀ tiwa ni wọ́n fi ṣíwájú. Bàsítì ló ń wà á, Bàbá jókòó tì í, ife wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èmi wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Àárọ̀ ni, ọyẹ́ bo òkè. Àwọn ọkọ̀ yòókù ṣì wà lọ́nà jíjìn lẹ́yìn wa.

Ní kọ́nà Agbaja, fèrè dún lẹ́yìn wa. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọ̀nà ṣófo. Ó tún dún.

Ìkẹta dún.

"Yà fún un," ni Bàbá wí.

"Fún ta ni, Bàbá?" ni Bàsítì bi í.

"Fún Làtífù! Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ife ni mo ń wò."

Bàsítì yà sí ẹ̀gbẹ́. Nǹkan kan kọjá lára wa. Koríko ẹ̀bá ọ̀nà tẹ̀ síwájú, eruku sì tẹ̀ lé e. A ò rí ọkọ̀.

Nígbà tí a dé Lọ́kọ́jà, ríbọ́ọ̀nù ìparí eré ti já, ó wà nílẹ̀.

"Ta ló ṣáájú yín?" ni alága ìrántí bi wá. "A gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, a ò rí ẹnikẹ́ni."

Bàbá gbé ife lọ bá Màmá Jàmíátù níbi tó jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ayé, ó sì jẹ́wọ́. Màmá gba ife náà mọ́ àyà.

"Dìde, Pius. Kí àwọn ọmọ fẹ́ra wọn."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, bí a ṣe ń lọ sí Agbaja, Bàbá ní kí Bàsítì dúró ní kọ́nà náà, kó pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. A tẹ́tí títí.

"Mi ò gbọ́ fèrè kankan," ni Bàbá wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.