Ìka Tí Ẹ̀rọ Kò Rí

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé ojú ẹ̀rọ, ó gbé e kúrò, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún gbé e lé e. Pupa ni iná ẹ̀rọ náà ń tàn ṣáá. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba físà iṣẹ́ kún bámúbámú, gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló sì ń na ọrùn láti wo ẹni tí kò jẹ́ kí ìlà rìn.

"Ọ̀gbẹ́ni, ìka yín ò hàn," ni akọ̀wé wí láti ojú fèrèsé. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?"

Ọkùnrin náà tẹ orí síwájú, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́ olè. Akọ̀wé ní kó lọ sinmi ọwọ́ ọ̀hún, kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Bó ṣe yíjú padà báyìí, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ló wà níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú ti ọkùnrin náà, ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

"Kí ló jẹ ìka yín báyìí? Ó dán bíi ṣíbí."

"Ẹnjinía ni mí," ló yára dáhùn.

Irọ́ ni. Onítáìlì ni. Sìmẹ́ńtì ló ti jẹ gbogbo ìlà ìka rẹ̀ tán. Iṣẹ́ táìlì yìí náà sì ni ilé iṣẹ́ kan lókè òkun rí tí wọ́n fi ní kó máa bọ̀, torí wọn ò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó yẹ kó fi yangàn ló ń fi pamọ́. Ọmọ aráyé, ẹ ò rí nǹkan!

Ìlú kan náà ni nọ́ọ̀sì ń wá físà iṣẹ́ lọ. Ó fún un ní ìpara, ó ní kó má fọwọ́ kan nǹkan líle, ó sì ń yẹ ìka náà wò ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

"Ẹnjinía mi, gbé ọwọ́ wá."

"Ṣé ọwọ́ nìkan lo wá wò?"

"Kí ló tún wà lára ẹ tó ṣeé wò?"

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Kí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ìka rẹ̀, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára. Nọ́ọ̀sì mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fa àga fún un, ó ní, "Ẹnjinía, ẹ jókòó." Ó jókòó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò balẹ̀ lórí àga náà títí tó fi dìde. Níbi iṣẹ́, kò sí ẹni tí nọ́ọ̀sì ò tíì ròyìn Ẹnjinía rẹ̀ fún.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun parí igun ilẹ̀ wọ́ọ̀dù kan. Ọsibítù tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ni nọ́ọ̀sì sọ pé òun ní lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n ti pààrọ̀ iṣẹ́ fún un, ọkùnrin náà ò mọ̀.

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí bàtà funfun àwọn nọ́ọ̀sì méjì dúró níwájú rẹ̀.

"Onítáìlì, gbé garawa ẹ kúrò lọ́nà jàre!" ni ọ̀rẹ́ nọ́ọ̀sì jágbe.

Ó gbójú sókè. Ojú òun àti olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe mẹ́rin. Ó ń wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu gbé òun mì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ le gbagidi.

"Ó ń wò ẹ́ o. Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?" ni nọ́ọ̀sì dáhùn, ó sì kọjá lọ.

Kò lọ jìnnà tó fi wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún. Kì í ṣe irọ́ tí ọkùnrin náà pa fún un ló ń dùn ún jù. Ẹnu ara rẹ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lójú gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa, ó ṣí ìpara.

"Gbé ọwọ́ wá."

"Má ba aṣọ ẹ jẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ purọ́."

"Irọ́ lo pa. Èmi, mo sẹ́ ẹ lójú ara ẹ. Ojú ń tì mí, mi ò sùn."

"Bàbá ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní ilé àwọn lo ti purọ́, ilé àwọn náà ni kó o ti wá sọ òótọ́."

Ó lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n tún fa àga ọjọ́sí. "Onítáìlì, jókòó." Lọ́jọ́ náà, ó jókòó dáadáa.

Nígbà tí oṣù pé, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì físà. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ. Iná pupa tàn, ó tún tàn, ó wá di àwọ̀ ewé.

"Iṣẹ́?" ni akọ̀wé bi í.

"Onítáìlì!" Ó sọ ọ́ sókè débi pé gbogbo ìlà yíjú.

"Arábìnrin tó dúró tì yín yìí ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ni."

Akọ̀wé wo ìwé rẹ̀. "Ẹ ò tíì gbéyàwó ni mo rí níbí o."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tún ti onítáìlì, ó sorí kọ́. Nọ́ọ̀sì fi èjìká gbún un.

"Irọ́ lo tún ń pa yẹn?"

"Kì í ṣe irọ́," ló fèsì jẹ́jẹ́. "Òótọ́ ni, ọ̀nà ló ṣì wà. Àbí kó padà?"

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ọ̀hún mú lójú gbogbo wọn.

"Kó máa bọ̀," ló wí.