Apá Ọ̀tún Aṣọ Funfun

Oníbàárà náà kò mú ẹnikẹ́ni wá tí mo lè wọ̀n. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lọ́sàn-án gangan, ó gbé aṣọ funfun bíi ti òkú lé orí máṣìnnì, ó sì ń ka ìwọ̀n láìwo ìwé: èjìká, àyà, gígùn ṣòkòtò. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo dá a mọ̀. Ìwọ̀n àbúrò mi ni.

Ìdúró kan náà ni èmi àti àbúrò mi ní. Mi ò fi téèpù wọ̀n ọ́n rí. Ìwọ̀n ara mi ni mo fi ń gé aṣọ rẹ̀. Apá ọ̀tún nìkan ni mo máa ń fi ìka méjì kún, torí tèmi kán nígbà tí mo wà ní kékeré, ó jinná tán, ó kúrú.

Mo bi í pé, “Ọ̀gá, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?”

“Ẹ ṣáà rán an,” ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Màá wá gbà á tí èsì ẹ̀jẹ̀ bá dé.”

Ta ló sọ fún un? Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an la ti ilé ìwòsàn dé. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ àbúrò mi, ohun kan sì ga nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ohun tí pírósítéètì, ẹṣẹ́ kan lábẹ́ àpòòtọ̀ ọkùnrin, máa ń tú jáde.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ mi ti gba ìgbéga ṣáájú mi,” àbúrò mi ń ṣàwàdà, torí ó ń dupò kan níbi iṣẹ́.

Dókítà ní, “Ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ, àmọ́ nọ́ńbà yìí nìkan ò tó. Tí kòkòrò bá wọ ọ̀nà ìtọ̀, tàbí tí ẹṣẹ́ náà kàn wú, ó lè ga. A máa lo oògùn, a máa tún un yẹ̀ wò.”

Mo fura sí gbogbo èèyàn: ẹni tó ń dupò mọ́ ọn lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀. Mo gba iṣẹ́ náà kí oníbàárà yẹn má baà gbé e fún télọ̀ mìíràn. Ó ti ka apá ọ̀tún kúrú ju tòsì lọ. Mo rò pé ó ṣì í kà ni, mo bá fi ìka méjì kún un. Bí mo ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ aṣọ náà tó, tútù ló ń tutù.

Nígbà tí èsì tuntun dé, nọ́ńbà àbúrò mi ti wálẹ̀. Kòkòrò lásán ni! Mo sunkún ayọ̀. Dókítà wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà ńkọ́? Ọjọ́ orí yín ti tó àyẹ̀wò yìí o.” Mo na apá fún wọn, mo ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà náà dé.

“Ẹ gbé aṣọ yín lọ,” mo sọ fún un. “Àbúrò mi ò ní jẹjẹrẹ.”

“Ta ló dárúkọ àbúrò yín?” Ó tẹ́ apá aṣọ náà lé apá ọ̀tún mi. Ó bo ìka mi mọ́lẹ̀. “Ìka méjì ló fi gùn jù. Mo sì kà á fún yín.”

Fóònù mi dún. Dókítà ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì bẹ̀rù o. Nọ́ńbà yín ga díẹ̀ ni. A máa tún un yẹ̀ wò.”

Oníbàárà náà mú àlùmọ́gàjí mi lórí tábìlì, ó nà án sí mi kí n gé ìka méjì náà kúrò.

Mi ò gbà á. Ó fa àga, ó jókòó, ó ń dúró.