Bátìrì Tí Sàrátù Sá Sóòrùn

"Ṣí i ká rí i! Àbí ò ń ṣakọ lásán pé o mọ kọ̀ǹpútà ni?"

Salome ló ń sọ̀rọ̀, lọ́sàn-án Jímọ̀ kan ní Ìgbó-Ọrà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1994. Kọ̀ǹpútà tí à ń gbé lé itan wà níwájú Sàrátù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tíṣà Akínladé, ayálégbé ìyá àgbà Sàrátù, ló ni ín. Ó ń fi ẹ̀rọ náà kọ́ ọmọ yìí ní títẹ̀wé, ṣùgbọ́n kó tó lọ sí ìlú Tápà nítòsí láàárọ̀, ó kìlọ̀ fún un: "Má fọwọ́ kàn án o. Bátìrì rẹ̀ ti kún, òun ni n óò gbé lọ sóko àwọn àgbẹ̀ ní Igangan lọ́la."

Ọ̀rọ̀ Salome wọ Sàrátù lára. Ó tan ẹ̀rọ. Wọ́n gbá géèmù títí, ẹ̀rín ń pa wọ́n, àfi bí ojú ẹ̀rọ ṣe ṣókùnkùn lójijì.

"Mo gbé!" ni Sàrátù pariwo.

"Màmá mi ń pè mí," ni Salome wí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò pè é.

NẸ́PÀ ti mú iná lọ. Wàhábì, tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì bátìrì mọ́tò, tó sì ń bá Tíṣà ṣáàjì tirẹ̀, ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ kírun. Ni Sàrátù bá rántí bátìrì rédíò ìyá àgbà. Bí ohùn rédíò bá ti ń rẹlẹ̀, ìyá a sá bátìrì rẹ̀ sórí páànù, rédíò a sì tún dáhùn. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Sàrátù yọ bátìrì kọ̀ǹpútà, ó sá a sórí páànù ilé ìdáná. Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣeé fojú wò. Nígbà tó fi máa gbé e sọ̀kalẹ̀, bátìrì ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ó fipá tì í padà sáyè rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Tíṣà dé, ó tan ẹ̀rọ, kò tàn. Ó yọ bátìrì wò. "Wàhábì ti fi iná àpọ̀jù bà á jẹ́!" Ó gbé bátìrì tó wú náà, ó gbọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, Sàrátù ń tẹ̀ lé e.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ sọ pé kí n jẹ́ kí iná inú rẹ̀ gbẹ tán kí n tó kún un," ni Wàhábì ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ ní bí a bá ń bu lé e láàbọ̀, yóò máa rò pé ààbọ̀ lòun. Bí ẹ ṣe wí ni mo ṣe, mo fi Ọlọ́run búra!"

Ọkùnrin kan gbé bátìrì mọ́tò rẹ̀ nílẹ̀. "Èmi ń gbé tèmi lọ o. N ò fẹ́ kó wú."

Sàrátù wo ojú Wàhábì. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ló ń bàjẹ́ yìí. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni. Mo fi gbá géèmù, ó kú, mo bá sá a sóòrùn."

"O sá kí ni?"

"Bí a ṣe ń sá ti rédíò, sà."

"Àbí o fẹ́ fi ṣe láfún ni?" ni Wàhábì wí. Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin yẹn gbé bátìrì rẹ̀ kalẹ̀ padà.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. "Wàhábì, forí jì mí, mo ti yára dá ọ lẹ́bi. Sàrátù, o ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn mọ́."

"Háà, Tíṣà," ni Wàhábì wí, "ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Èmi tí wọ́n bú ni mò ń bá a bẹ̀bẹ̀."

Tíṣà gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní Sàrátù yóò jìyà díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Sàrátù bá a lọ sí Igangan, ó ń fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ títí ìka fi ń ro ó. Odidi táàmù kan ni kò fojú kan kọ̀ǹpútà.

Ọdún ń yí, bátìrì pẹ̀lú ń yí padà. Èyí tí Tíṣà rà lẹ́yìn náà ń pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, ó ra kọ̀ǹpútà mìíràn tí bátìrì rẹ̀, irú tuntun tí wọ́n ń pè ní lítíọ́ọ̀mù, fúyẹ́, tí a lè kún nígbàkigbà láìjẹ́ pé ó gbẹ. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló gbé e lé Sàrátù nítan. "Tẹ̀wé rẹ, ọmọ mi."

Iṣẹ́ títẹ̀wé yẹn ni Sàrátù ń ṣe jẹun lónìí. Kì í sì í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Wàhábì láì yà.

"Bùrọ̀dá, ẹ ṣeun."

"O tún ti dé! Ọpẹ́ kí ni lójoojúmọ́?"

"Ọpẹ́ pé ẹ ò jẹ́ kí wọ́n lé mi nídìí ẹ̀rọ ni, sà."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀dá kò lè ṣe kó má ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹrù ẹ̀bi yín. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ lè jìyà díẹ̀. Àwọn tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀ kò ní ṣàì sí.