Atọpasẹ̀ Ẹsẹ̀ Òsì

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì yẹn sókè dáadáa, Bàbá. Òkúta ń bọ̀ níwájú."

Òkòtó ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì ré òkúta kan tí kò sí nínú yàrá náà kọjá. Òun nìkan ló ń rí òkúta ọ̀hún, nínú awò ńlá dúdú tí wọ́n dè mọ́ ọn lójú. Ohun tí àwọn tó kù ń rí ni àwòrán ènìyàn kan lójú kọ̀ǹpútà, tó ń ṣe gbogbo ohun tí baba bá ti ṣe. Bí baba bá tẹ̀, àwòrán a tẹ̀. Bí baba bá wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, àwòrán a wọ́ ọ. Ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́fà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, wọn kò sì ní wáyà kankan. Wọ́n ń fi okùn rírọ̀ de ọ̀kan mọ́ àyà, ọ̀kan mọ́ ìbàdí, méjì mọ́ orúnkún, méjì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Atọpasẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀.

Ibi iṣẹ́ màmá Òkòtó nibẹ̀. Iṣẹ́ màmá rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá jà bí wọn yóò ṣe tún máa rìn. Yàrá méjì ni wọ́n fún un lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ náà sí máa ń wà. Bí Òkòtó bá ti ilé ìwé dé, tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni yóò ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, bó bá sì parí, yóò dìde bá àwọn aláìsàn ka ìṣísẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, Bàbá Awakọ̀ ló fẹ́ràn jù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni baba yìí fi wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń fọ gíláàsì ọkọ̀ ni àìsàn náà dà á dùbúlẹ̀, tí apá òsì rẹ̀ sì kú láti èjìká dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n fi tì í wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti orí kẹ̀kẹ́ ó bọ́ sórí igi méjì, láti orí igi méjì ó bọ́ sórí ọ̀pá kan, ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tó ti ń rìn láìmú ohunkóhun lọ́wọ́.

"Tíṣà, máàkì mélòó lónìí?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe Òkòtó.

"Méje nínú mẹ́wàá, Bàbá."

"Tíṣà yìí mà háwọ́ o. Bí mo bá fún yín láyè nínú bọ́ọ̀sì bí o ṣe ń fún mi ní máàkì, ẹsẹ̀ ni ẹ ò bá máa fi rìn délé ìwé."

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò rẹ̀ ìkẹyìn. Bí ó bá yege, dókítà àgbà yóò kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni bọ́ọ̀sì pé kí wọ́n gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Òkòtó kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá fi gìgísẹ̀ kan yí lórí ijó, àfi bí òkòtó tí ọmọdé ta sílẹ̀ tó ń jó ràn-ìn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìdíje ijó kan ń bọ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé nínú géèmù. Kálukú yóò wà nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán kálukú yóò pàdé nínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí kò sí níbì kankan láyé. Adúmáadán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ̀gbọ́n yìí ní awò géèmù, ó sì gbà kí wọ́n fi bá wọn díje.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, Òkòtó jó títí òógùn fi bò ó. Ṣùgbọ́n awò náà àti ọ̀pá kékeré méjì tó dì mú kò mọ̀ ju orí àti ọwọ́ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣe ni ẹ̀rọ ń méfò. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, àwòrán rẹ̀ ń ju apá fìrìfìrì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ti kọ́bọ́ọ̀dù láti yàrá kan sí òmíràn. Ọmọ ilé ìwé mìíràn béèrè bóyá kí àwọn bá ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ yìí wá àga. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Òkòtó wọ egungun.

"Ibi tí agbára rẹ wà gan-an ni wọn ò rí," ni Adúmáadán wí. "Nǹkan tí yóò jẹ́ kí wọ́n rí i wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù màmá ẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í sì í wá ní Sátidé. Ta ló máa mọ̀?"

Òkòtó kọ́kọ́ kọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún kọ̀, ṣùgbọ́n kíkọ̀ náà kò le bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé yíyá ni òun fẹ́ yá a, òun kò jí i. Ó gbàgbé pé ẹni tó ń yá nǹkan a máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí màmá rẹ̀ ṣe sin aláìsàn kan dé ẹnu ọ̀nà, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ lórí ìṣó ara ògiri. Kí màmá tó padà wọlé, àpò àwọn atọpasẹ̀ ti wà nínú báàgì Òkòtó, lábẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀sán Sátidé, wọ́n ti tábìlì àti àga mọ́ ògiri nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n Adúmáadán. Òkòtó de gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ó dúró ṣánṣán, ó na apá méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, títí ẹ̀rọ fi mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, àwòrán rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó mi ìdí, ìdí mì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín nínú awò.

Ó jó lọ́jọ́ náà. Nínú àwọn mẹ́rìnlélógún tó díje, ipò kẹta ló ṣe, ọmọ tó sọ̀rọ̀ àga kò sì sí nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n níbi tó ti ń yí ìyí ìkẹyìn, okùn ọrùn ẹsẹ̀ òsì já, atọpasẹ̀ fò sókè, ó sì lọ gbá irin ẹsẹ̀ tábìlì. Nígbà tí wọ́n mú un, ó ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹyin tí wọ́n fi kan ògiri. Iná kékeré ara rẹ̀ ṣì ń tàn.

Ẹ̀gbọ́n Adúmáadán yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun lè ṣí i, ṣùgbọ́n òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. "Lọ sọ fún màmá ẹ," ló wí. "Nǹkan ilé ìwòsàn kì í ṣe fóònù."

Adúmáadán ní kò sí ohun tí gúlù kò lè lẹ̀, iná náà kúkú ń tàn. Ti Adúmáadán ló rọrùn láti gbọ́, ìyẹn ni Òkòtó sì gbọ́. Ó lẹ̀ ẹ́, ó sì so okùn tó já. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní òun gbàgbé ìwé síbi iṣẹ́ màmá òun, ó bá a lọ, ó sì dá àpò náà padà sáàyè rẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ nígbà tó ń lọ sílé ìwé.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, dókítà àgbà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Bàbá Awakọ̀ wọ ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀ dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ẹ̀bùn. Màmá de àwọn atọpasẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ní kó máa bọ̀. Ogún òkúta ló yẹ kó ré kọjá.

Lójú Òkòtó, baba gbé ẹsẹ̀ òsì bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì àwòrán kò tètè gbéra, bó bá sì gbéra kì í ga tó. Ó ń fi ẹsẹ̀ kọ òkúta. Mẹ́jọ péré ló ré kọjá nínú ogún. Màmá ní ọ̀rọ̀ náà rú òun lójú, pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó ré méjìdínlógún. Dókítà ní irú àìsàn yìí a máa pẹ̀yìn dà nígbà mìíràn, ẹ̀rọ kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí baba tún fi oṣù mẹ́ta kọ́ ìrìn sí i.

Baba bọ́ awò. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Mo rò pé mo gbé e," ló wí. "Mo mọ̀ ọ́n lára pé mo gbé e."

Ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀pá, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Òkòtó, kò béèrè máàkì.

Òkòtó mọ ohun tó fà á. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ó ń ro kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ màmá rẹ̀, ó ń ro ojú tí màmá yóò fi wo òun. Nígbà tó sọ fún Adúmáadán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ baba ni kò dára lóòótọ́. Òkòtó fẹ́ gba èyí gbọ́. Ó gbìyànjú, ọkàn rẹ̀ kò gbà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ìyàwó Bàbá Awakọ̀ nìkan ló wá. Ó ní ọkọ òun kò wá mọ́. Baba ti kó kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé kalẹ̀ dè é fún àwọn tó ni ín láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n béèrè. Baba ní òun kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tí kò ṣeé fọkàn tán tẹ bíréèkì níbi tí ọmọ ọlọ́mọ wà. Láti ọjọ́ Ajé, ó ti kọ̀ láti rìn dé ẹnu ọ̀nà pàápàá. Orí àga ló ń jókòó sí, tó ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo ọ̀dàlẹ̀.

Bí obìnrin náà ṣe yí ẹ̀yìn padà, Òkòtó dìde.

"Màmá, kì í ṣe ẹsẹ̀ Bàbá. Atọpasẹ̀ ni. Èmi ni mo fọ́ ọ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìṣó dé orí gúlù. Màmá kò pariwo. Ó mú atọpasẹ̀ náà jáde, ó gbé e síwájú fèrèsé, ó sì rí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀.

"Ìgbà tí wọ́n ń dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, níbo lo wà?"

"Mo wà níbí, Màmá."

"O wà níbí." Màmá jókòó. "Pé o mú un, ó dùn mí. Pé ó fọ́, nǹkan a máa fọ́. Ṣùgbọ́n o jókòó sórí àga yẹn, ò ń wo ọkùnrin yẹn bó ṣe ń tọrọ ọ̀pá."

Ó fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà àgbà, ó sì ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Òkòtó sọ ọ́ nínú omijé. Láti ibẹ̀, òun àti màmá gba ilé Bàbá Awakọ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú àga baba, ó sì ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Baba fi ọwọ́ ra orúnkún òsì rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá bínú láti ọjọ́ Ajé," ló wí níkẹyìn. "Ẹsẹ̀ mi ni. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bú ẹsẹ̀ tí kò ṣẹ̀ mí. Dìde, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí gan-an."

Wọ́n yá atọpasẹ̀ mìíràn láti ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì tún ìdánwò náà ṣe ní ọjọ́ Ẹtì. Òkúta mọ́kàndínlógún ni baba ré kọjá nínú ogún. Dókítà kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni bọ́ọ̀sì, wọ́n ti fi awakọ̀ mìíràn síbẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní àwọn kò lè lé ẹni tí kò ṣẹ̀. Wọ́n ní kí baba máa jókòó ti àwọn awakọ̀ tuntun láti fi ọ̀nà hàn wọ́n títí bọ́ọ̀sì mìíràn yóò fi ṣófo. Oṣù márùn-ún ló fi ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wakọ̀ kí wọ́n tó fún un ní tirẹ̀. Ká ní Òkòtó sọ òtítọ́ ní ọjọ́ Ajé ni, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni baba ì bá ti wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Màmá gba ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún ọmọ rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá nílò nǹkan kan, dandan ni kó lọ tọrọ ẹni tí yóò ṣí i fún un, Òkòtó a sì máa rí i. Wọn kò jẹ́ kí ọmọbìnrin náà wọ yàrá yẹn fún oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n gbà á padà, iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni láti máa yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò ní ọjọ́ Ajé, kó sì máa kọ èyí tó bá ní àléébù sínú ìwé kan. Ó ṣì ń jó. Òun àti Adúmáadán ṣì ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó pọ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ohun tó fọ́ ní Sátidé yẹn kò ju páálí ìṣáná lọ, ilé ìwòsàn ì bá sì tún un ṣe. Ohun tí kò ṣeé tún ṣe ni ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ kan fi pa ẹnu mọ́, tí àgbàlagbà kan fi ń fura sí ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó fi ara gbá a. Ìtìjú tó wà nínú sísọ ọ́ kì í pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kò mọ ibi tí yóò ti sọ ọ́ kalẹ̀.