Ìlà Tó Gé Wẹ́lẹwẹ̀lẹ

"Ojú Àwòdì, ó ku mélòó?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń béèrè láti ìdí kọ̀ǹpútà wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ní ọ́fíìsì wọn nìyẹn, nítorí pé ojú mi mú. Wọ́n ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń sọ àtẹ onílà àtijọ́, èyí tó ń fi ìlà hàn bí ara aláìsàn ṣe ń lọ, di tuntun fún ilé ìwòsàn àdúgbò wa. Iṣẹ́ ìsinmi tèmi ni láti gbé àtẹ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ṣé àwọ̀ ò yí padà? Ṣé ìlà gbọọrọ ṣì lọ gbọọrọ, tí èyí tó gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ sì ṣì gé bẹ́ẹ̀?

"Ó ku ogójì, ẹ̀gbọ́n mi."

Ogójì kẹ̀! Ọ̀rẹ́ mi sì ti yọjú lójú fèrèsé. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù o! Wo àwọ̀ nìkan jàre. Ta ló ń wo ìlà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Pupa ṣì jẹ́ pupa, àwọ̀ ewé ò yí padà. Mo fi àmì "ó dára" sí gbogbo wọn, mo bẹ́ jáde.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo bá Bàbá wa lórí àga, òòyì ń kọ́ wọn. Àtẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, tuntun tí ilé ìwòsàn fún wọn, wà lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá, ẹ ò lo oògùn ni?"

"Nọ́ọ̀sì ní tí ìlà tèmi bá ti ga ju èyí tó gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ lọ, kí n lò ó. Ṣùgbọ́n méjèèjì ló lọ gbọọrọ níbí. Mo rò pé ti ìsàlẹ̀ ni tèmi."

"Ṣebí pupa tó wà lókè ni tiyín…"

Ìgbà náà ni mo rántí. Bàbá wa kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìbọ̀sẹ̀ tí kò bára mu.

A sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. A dúpẹ́, ara wọn balẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, mo fẹkún jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Wọn ò jágbe mọ́ mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Èmi náà ò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ. Ojú rẹ ni mo gbára lé. Òun náà ni Bàbá ń lò, wọn ò kàn mọ̀ ni."

Wọ́n ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ tí ẹ bá fojú fò, ó ní ẹni tó máa já lé lórí. Tèmi já lé Bàbá mi lórí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì. Mo tún àyẹ̀wò náà bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ kìíní.