Apá Òsì Bàálù Alhaji Mikail

Ẹsẹ̀ Sodiqat méjèèjì ni Ismaeel kọ́kọ́ rí. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ bàálù àlòkù kan ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìbàdàn, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà. Èmi ni mo fẹ́ rà á. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ọkàn mi balẹ̀."

"Bí ọ̀kan bá kú lókè, èkejì á máa fa bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣé ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀?"

"N kò tíì kọ́ ọ. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan ni mo ti ń wà."

"Kí ọkàn yín má tíì balẹ̀."

Sodiqat jáde síta, ọ́ìlì wà níwájú orí rẹ̀. Ọmọ Ìwó ni àwọn méjèèjì. Ó sọ fún Ismaeel pé bàbá òun ti dolóògbé, pé Alhaji Mikail, ẹ̀gbọ́n bàbá náà, ni ó ni bàálù yìí, nítorí náà ó lè wá ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ṣé ẹ máa purọ́ fún mi ni?"

"Rárá."

"Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ."

Iṣẹ́ náà gba ọ̀sẹ̀ méje. Wọ́n jọ ka ìwé àtúnṣe bàálù náà, wọ́n jọ jẹ ẹ̀wà, wọ́n sì pinnu láti fẹ́ ara wọn. Lọ́jọ́ tí Sodiqat ṣí apá òsì, ó rí i pé ìpẹtà funfun ti jẹ ọ̀pá tí ó gbé apá náà ró, pé apá náà lè já lókè.

Alhaji bínú nígbà tí ó gbọ́ pé Sodiqat ti sọ ọ́ fún Ismaeel. Òun ni wálíì tí ó kù fún Sodiqat, òun ni yóò fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ó ní bí Ismaeel kò bá ra bàálù, òun kò ní jókòó níbi yìgì wọn.

"Àyànfẹ́ mi, màá rà á," ni Ismaeel wí. "N kò ní wà á."

"Ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín ńkọ́? Bí ẹ bá rà á, n kò fẹ́ yín mọ́."

Sodiqat lọ kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Alhaji ní Ìwó.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí Humairah ọmọ yín bá Ismaeel wọ̀ ọ́ dé Ìlọrin lọ́la."

Alhaji wo ọmọ rẹ̀ tí ó ń ka ìwé lẹ́nu ọ̀nà. 

"Humairah kò ní wọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Dìde. Ní kí àwọn èèyàn Ismaeel máa bọ̀ ní Jímọ̀."

Ní Àlàmísì, Alhaji ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì méjèèjì kúrò lára bàálù náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wà á mọ́. Ní Jímọ̀, ó di ọwọ́ Ismaeel mú níwájú àwọn àfáà, ó sì fi Sodiqat fún un.