Mejọ Pettifer àti Kéèkì Ìyá Una

Ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà Yandarra ìlú wa, àmì-ẹ̀yẹ ogun mẹ́rin ń jó láyà rẹ̀, ẹyẹ kan ṣoṣo ló sì ń lé e! Ẹyẹ dúdú-funfun tó ń ṣọ́ ìtẹ́ ni. Bí ìgbà ìrúwé bá ti dé, kò mọ ọ̀gá, kò mọ bíṣọ́ọ̀bù. Mejọ Alwyn Pettifer, tó dojú kọ ìbọn ní aginjù láì ṣẹ́jú, ló ṣubú gbì sẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù àwọn Trewin.

Una Trewin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé korobá òfìfo, ó fi dé ọkùnrin náà lórí.

"Ẹ dúró sínú rẹ̀, Mejọ. Ẹyẹ yìí kì í wo àmì-ẹ̀yẹ."

Ohùn kan jáde lábẹ́ korobá: "Ẹ jọ̀ọ́, ìbò mélòó ló wà nílé yín?"

"Méjì, tèmi àti ti màmá mi. Ṣé ẹni tó ń sá fẹ́yẹ la máa rán lọ sílé aṣòfin?"

"Ẹ rán mi. Ẹyẹ ò sí níbẹ̀."

Áà, ìfẹ́! Orin ni mo máa ń fi kọ ọ́:

*Kẹ̀kẹ́ gbé e dé o, ẹyẹ ló sìn ín wá,*
*Ẹyẹ tó bá mi sìn ín wá, jẹ́ kó jókòó o.*

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìpolongo ìbò Mejọ ń parí sí géètì àwọn Trewin. Una a ní, "Ẹ ti ka ìbò wa lẹ́ẹ̀mẹfà. Méjì náà ni." Òun náà a ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un kà, ìyàwó mi lọ́la."

Ni ìgbìmọ̀ ìdíje àgbẹ̀ bá bẹ Mejọ kó wá dá kéèkì tí àwọn obìnrin fi ń díje níbẹ̀ lẹ́jọ́. Ọmọ kékeré ìlú wa mọ̀ pé olóṣèlú lè jẹ kéèkì, ó lè yin kéèkì, kì í dá kéèkì lẹ́jọ́. Ogun ni Mejọ mọ̀ ní tiẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọn kéèkì náà, kò sórúkọ. Ó fún keje ní ipò kìíní. Nígbà tó dé orí kéèkì nọ́ńbà kejì, ó gbóhùn sókè: "Èyí rì láàárín bí fìlà tí ẹṣin jókòó lé!"

Gbogbo ojú nínú gbọ̀ngàn yí síbi kan náà. Ti Ìyá Una ni, ẹni tó ti gbapò kìíní fọ́dún mẹ́sàn-án gbáko.

"Ẹnu tó bú kéèkì mi ò ní jẹun nílé mi," ni ìyá wí, "kò sì ní fẹ́ ọmọ mi. Mo ti sọ ọ́!"

Una bá Mejọ lẹ́bàá ọgbà, ojú rẹ̀ pọ́n. "Alwyn, lọ sọ fún un pé o ṣì í dá. Gbólóhùn kan péré!"

"Una mi, bí mo bá purọ́ lónìí, tí mo bá ní mo fẹ́ràn rẹ lọ́la, báwo lo ṣe máa gbà á gbọ́?"

"Ṣé kí n wá darúgbó sílé màmá mi nítorí kéèkì ni?"

Mejọ ṣí fìlà, ó wọ ilé ìdáná Ìyá Una. "Mà, ó rì. Mi ò lè sọ pé kò rì. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo jẹ tán. Ọwọ́ yín dùn. Nǹkan ló ṣe é nínú ààrò."

Ojú Ìyá Una pọ́n bíi tòmátì. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kí ni, mà?"

"Pé mo ṣílẹ̀kùn ààrò sílẹ̀! Ìwọ náà lo gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú fèrèsé mi pẹ̀lú bàtà dídán yẹn, tí mo sáré lọ wò. Kí n tó padà, kéèkì ti rì."

"Màmá!" Una pariwo lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Kí ni màmá? Ṣé opó ò lójú ni?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín, àwo mì lórí pẹpẹ. Ìyá nu ojú. "Ẹni tí ò lè purọ́ fún ìyá ìyàwó, á ṣòro fún un láti purọ́ fún ìyàwó. Ó yá, bi í, kí n tó yí ọkàn padà."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Mejọ wọlé ìbò, ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé ìdáná yẹn? Níbẹ̀ ló ti kúnlẹ̀, ó béèrè, Una ní bẹ́ẹ̀ ni, àní bẹ́ẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n orúnkún tí ogun ti bà jẹ́ kọ̀, kò gbé e dìde. Ìyá dì í mú lápá ọ̀tún, ọmọ dì í mú lápá òsì, wọ́n fà á títí ó fi dìde. Kò sì sẹ́ni tó tún fi í sílẹ̀ nínú wọn.